Àwẹ̀ró àti Ohun Tó Ń Ké Nínú Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́

Ẹ jókòó! Mo ní kí ẹ jókòó! Ẹ̀yin mẹ́fà tí ẹ kó ọ̀pá dání wọ àgbàlá mi láàárọ̀ kùtùkùtù, tí ẹ ní kí n wá ṣáájú yín lọ lé Àjàdí tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe kúrò nílùú, torí pé ẹ̀rọ omi ń kùn, tí ẹ sì ti dá a lẹ́jọ́ pé òun ló fi nǹkan sí i. Ẹ jókòó! Orí ń ta mí. Ṣé èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́jọ tí ẹyọ kan kò fi ìwo kàn mí, èmi tí ẹkùn pàdé lójú ọ̀nà tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní "Ẹ kú ọdẹ o, bàbá," èmi lẹ fẹ́ fi ṣe aṣáájú ìyà? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí ná. Bí mo bá parí rẹ̀ tí inú ṣì ń bí yín, ẹ máa lọ.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ìṣe yín o, kí ẹ máa bi mí léèrè ìdí tí n kì í fi í ṣí fìlà abetí-ajá yìí lórí, ooru ìbáà mú bí iná. Ẹnu mi yóò débẹ̀.

Ìlú kan wà lẹ́yìn igbó ńlá tí ẹ ń wò yẹn, Ìdí-Ọ̀mọ̀ ni wọ́n ń pè é. Obìnrin kan ń gbé ibẹ̀, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí ọkọ náà kú, ẹ̀yìn ìsọ̀ ni wọ́n sin ín sí, Àwẹ̀ró sì ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀, yóò kí sàréè náà láàárọ̀ kó tó mú súpánà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ náà sì mú. Bí o bá fi ìyà jẹ kẹ̀kẹ́ rẹ kí o tó gbé e wá, yóò bú ọ tẹ́rùn kó tó fọwọ́ kàn án.

Ọdẹ kan náà ń gbé ìlú yẹn. Atamátàsé ló ń jẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà, kò sẹ́ni tó fún un. Òmùgọ̀ ènìyàn! Àyà rẹ̀ gbòòrò, orí rẹ̀ ṣófo. Alùpùpù ló ń gùn lọ sígbó tẹ́lẹ̀, gbogbo ẹran á ti gbọ́ ariwo rẹ̀ kó tó jáde nílùú. Ló bá tọ Àwẹ̀ró lọ pé kó ṣe kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún òun. Àwẹ̀ró ṣe é. Ó fi ẹ̀rọ sínú ìdodo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè ní họ́ọ̀bù, ó so ó mọ́ bátìrì. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá ń lọ, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan àfi koríko tí táyà ń tẹ̀. Ọdẹ gùn ún yí ìlú ká, ó rẹ́rìn-ín títí erìgì rẹ̀ fi yọ.

Ọjọ́ kejì ló gbé e wọgbó. Àgbọ̀nrín kan dúró síwájú rẹ̀, ó ń jẹ ewé jẹ́jẹ́. Àfi bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ṣe ké: kẹ́! Ó yí díẹ̀, ó tún ké: kẹ́! Àgbọ̀nrín gbé etí sókè, ó di ẹni àwátì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọdẹ jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wálé pẹ̀lú àpò òfìfo. Ṣé ẹ rò pé ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun kan? Rárá o! Ilé Baálẹ̀ ló gbà lọ, ó ń pariwo pé Àwẹ̀ró ti de ohun burúkú mọ́ inú họ́ọ̀bù, pé ohun náà ló ń kìlọ̀ fún ẹran.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró. Kó tó dé, ìlú ti gbọ́ ẹjọ́ tán. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àgbà òṣìkà pọ̀ ní Ìdí-Ọ̀mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ju eṣinṣin lọ.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ jẹ́ kí n ṣí i níwájú gbogbo yín. Irin ni. Kò sí ohun tó ń ké tí kò nídìí."

Baálẹ̀ fò sókè lórí àga. "Ká ṣí kí ni? Kí ohun tó wà nínú rẹ̀ wá jáde sí wa? A ò gbọdọ̀ ṣí i láàárín ìlú. Gbé e lọ sórí Àpáta Elétí-Ọgọ́rùn-ún, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣí ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani. Kí Atamátàsé tẹ̀ lé ọ lọ ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún òní, bá pé tí o kò fi ohun tó ń ké hàn wá, o ó fi ìlú sílẹ̀, a ó sì wó ìsọ̀ rẹ."

"Àti sàréè ọkọ mi ńkọ́?"

Baálẹ̀ dìde, ó wọlé lọ. 

Inú bí Àwẹ̀ró gidi. Kò sunkún. Ó di súpánà, súkúdíráfà àti ẹfun díẹ̀ sínú àpò, ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó kọjú sí ọdẹ. "Ìwọ, ẹlẹ́jọ́ mi, bọ́ síwájú. Bí o bá ya ẹnu rẹ sọ̀rọ̀ kí n tó ní kí o sọ̀rọ̀, irin yìí ni n ó fi dí i."

Bí wọ́n ṣe wọ igbó nìyẹn o. Igbó yẹn kì í ṣe igbó tí irú yín ń lọ ṣẹ́gi. Igi ibẹ̀ ń kíra wọn ní òwúrọ̀, ẹni tí kò bá dáhùn, gbòǹgbò á gbé e ṣubú. Èmi mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, mo ti sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tí ejò fi ẹsẹ̀ mi ṣe ìrọ̀rí. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn? Bí o bá tún rẹ́rìn-ín, n ó lé ọ jáde!

Ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n kàn ni Ìlú Amọ̀tán. Àwọn ará ibẹ̀ ní ẹnu níwájú, wọ́n ní ẹnu lẹ́yìn, wọn kò ní etí rárá. Kẹ̀kẹ́ kò tíì dúró tí wọ́n fi ṣùrù bò ó.

"Bátìrì ni!" ni ọ̀kan fi ẹnu iwájú wí. "Wáyà ni!" ló fi ẹnu ẹ̀yìn wí. "Iná ló ń bínú nínú rẹ̀!" "Ẹ̀ṣẹ̀ ìyá obìnrin yìí ni!" Ẹnìkan kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òfin wọn sì ni pé àlejò kò gbọdọ̀ jáde ní ìlú àwọn láìgba ọ̀kan nínú ìdáhùn tí wọ́n fún un. Egungun àwọn tó kọ̀ ló tò yí odi ìlú náà ká. Ojú ọdẹ rí egungun, ló bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyá oníkẹ̀kẹ́, ẹ sáà gbà pé bátìrì ni ká máa lọ."

"Ìwọ ni o gbà!" Àwẹ̀ró ké mọ́ ọn. "Ìwọ ni o ti ń gba ohun tí o kò mọ̀! Ṣé n ó torí ẹ̀rù gba irọ́, kí n wá gbé irọ́ délé, kí wọ́n fi lé mi?"

Ó dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ó fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti ìjókòó rẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lókè. Ó yọ bátìrì, ó gbé e sọnù sí ọ̀ọ́kán níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. Ó wá fi ọwọ́ lásán yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kẹ́! ni ó wí. Ó yí i padà sẹ́yìn. Kẹ́!

"Ẹ̀yin ẹlẹ́nu méjì!" Ohùn rẹ̀ mú ewé já lórí igi. "Ẹ ní iná ni. Iná dà? Ẹ ní bátìrì ni. Òun nìyẹn lórí ilẹ̀! Bó bá jẹ́ iná ló fà á, á dákẹ́ nígbà tí n kò fún un níná. Kò dákẹ́. Irin ló ń kan nǹkan nínú rẹ̀, ìdáhùn tí mo gbà nìyẹn, ọwọ́ ara mi ni mo sì ti gbà á."

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ẹnu iwájú bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé "Ohun tí mo ń wí láti àárọ̀ nìyẹn," ẹnu ẹ̀yìn ní irọ́ ló ń pa, òun lòun wí i. Wọ́n di ara wọn mú lọ́rùn. Àwẹ̀ró gbé bátìrì rẹ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀ sínú ìjà. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń jà á títí dòní.

Ọjọ́ kejì, wọ́n dé etí odò kan. Iwin kan fò jáde láti inú omi, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Ó ní òun fẹ́ ẹsẹ̀ kejì, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá mọ àlọ́ òun lòun yóò ti gé e. Atamátàsé gbọ́ "gé," ó ti yọ ìbọn. Ó yìn ín sí iwin tó dúró bí ilé níwájú rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wọn. Ó tàsé! Ẹ rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rín. Atamátàsé tàsé iwin tó tóbi ju ilé Baálẹ̀ lọ, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú odò.

Iwin kò tilẹ̀ wò ó. Ojú Àwẹ̀ró ló ń wò. "Ọ̀kan ń kùn láìsinmi. Ìkejì ń ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún ké. Èwo ló gbó nínú wọn? Èwo ló gba àlejò?"

Àwẹ̀ró kò sáré dáhùn. Ó tún dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi súkúdíráfà lu àwọn sípóòkù, ìyẹn àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú. Gbogbo wọn ń dún tín-ín, àfi ọ̀kan tó dún tò. Ó fún un, òun náà dún tín-ín. Ó yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kẹ́ ṣì ń bẹ níbẹ̀. Nígbà náà ló fi ẹfun sàmì funfun sára táyà, ó yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó, ó ń kà á. Iwin ń bẹ̀rẹ̀ sí i, itọ́ ẹnu rẹ̀ ń kán sí Àwẹ̀ró lẹ́yìn, ó tutù bí yìnyín. Àwẹ̀ró ń kà á lọ. Ìgbàkígbà tí àmì funfun bá dókè, kẹ́. Yípo kan, igbe kan.

Ó nàró. "Èyí tó ń kùn láìsinmi ló gbó. Àwọn bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ ló ti jẹ. Èyí tó ń ké lẹ́ẹ̀kan ní yípo kan, tó jẹ́ pé ojú kan náà ló ti ń ké, ara rẹ̀ le, àlejò ló wọlé tọ̀ ọ́."

"Ta ló wá pe àlejò náà wọlé?"

"Ìyẹn kò sí nínú àlọ́ rẹ. Yà lọ́nà kí n kọjá, inú ń bí mi!"

Iwin yà. Iwin o! Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, n kò rí ohun tí kì í yà fún obìnrin tí wọ́n bá purọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gun Àpáta Elétí-Ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ni àpáta náà jókòó sórí rẹ̀. Ara rẹ̀ kò ní awọ, etí ló bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, etí ńlá, etí kékeré, etí tí wọ́n lu àti èyí tí wọn kò lu. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó ní, "Ẹ ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin ibí. Ẹni tó bá fi ẹ̀bi ara rẹ̀ kan ẹlòmíràn, odindi rẹ̀ ló ń di etí lára mi."

Atamátàsé ń làágùn. Ó rò pé ooru ni.

Àwẹ̀ró fi ẹnu súkúdíráfà kan họ́ọ̀bù, ó fi ìdí rẹ̀ kan etí ara rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí àwa ọdẹ ṣe ń fi etí lélẹ̀ gbọ́ pátákò ẹfọ̀n náà nìyẹn. Lápá ọ̀tún, igbe náà jìnnà. Lápá òsì, ó sún mọ́ ọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà gbà wọlé, kẹ́! ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ létí. "Ibí ni," ló wí. Ó tú ìdérí.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Àwẹ̀ró fi ìka kan inú rẹ̀, ìka jáde ní pupa. Ó gbóòórùn rẹ̀. Epo pupa! Òun tó jẹ́ pé girísì funfun lòun fi sí i! Ó wo àwọn òòfà tó tò yí inú ẹ̀rọ náà ká, ó sì rí i: ọta ìbọn kan, irin dúdú tí kò ju hóró ẹ̀kùrọ́ lọ, ó lẹ̀ mọ́ etí òòfà kan pinpin. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ti yí, ọta náà á kan ibi tí wáyà gbà wọlé. Kẹ́. Wọ́n fa ilà mẹ́ta sí ọta náà lára.

"Atamátàsé," ó pè é jẹ́jẹ́. Ó bani lẹ́rù ju ìgbà tó ń pariwo lọ. "Sọ̀rọ̀ wàyí. Mo ní kí o sọ̀rọ̀."

Orúnkún ọdẹ kanlẹ̀. Ọta baba rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irin ọdẹ kì í wọgbó lébi. Bí ọdẹ bá ra àdá tuntun, bó ra ìbọn, á fún Ògún jẹ kó tó gbé e jáde. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ náà wọgbó, ọlọ́gbọ́n-àgọ̀ yìí tú họ́ọ̀bù, ó da epo sí i, ó fi ọta tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un sí i kí baba lè máa ṣọ́ òun, ó dé e padà, ó súre, ó sùn. Iṣẹ́ ìfẹ́ ló pè é. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí ké, kò wá sí i lọ́kàn rárá pé ìre òun lè ké. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó wo àyíká, ó rí obìnrin tí kò lọ́kọ, tí ẹnu rẹ̀ mú, ó ní òun nìyẹn.

Elétí-Ọgọ́rùn-ún ti na ọwọ́. Apá ọdẹ ti ń rọ̀, ó ti ń ká bí ewé koko tí oòrùn pa.

"Dúró!" ni Àwẹ̀ró wí. "Má sọ ọ́ detí. Etí kọ́ ni mo fẹ́ lò lára rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ lò nílé. Ẹnu tó fi bà mí jẹ́ ló máa fi tún mi ṣe."

Elétí rò ó. Ó ní ó dáa, òun yóò mú ìwọ̀n tó tọ́ sí òun. Ó mú un. Ọdẹ kígbe tí àpáta fi dáhùn.

Wọ́n gba ọ̀nà àbùjá kọrí sílé. Lójú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára ọdẹ, síbẹ̀ ó ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ìyá oníkẹ̀kẹ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká sọ pé iwin ló fi í síbẹ̀. Ojú á tì mí."  Àwẹ̀ró dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó tú họ́ọ̀bù, ó dá ọta padà sára òòfà, ó dé e. Ó ní, "Gùn ún wọ̀lú. Kó máa ké. Bí o bá fẹ́ kó dákẹ́, sọ ti ẹnu rẹ."

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n dé. Ọjọ́ ọjà kò tíì pé. Àwọn ará Ìdí-Ọ̀mọ̀ kò dúró! Ohun tó dá wọn lójú ti dá wọn lójú. Wọ́n ti wó ìsọ̀ Àwẹ̀ró palẹ̀. Páànù ti ká, súpánà wà nínú ẹrẹ̀, àwọn ọmọ ń fi sípóòkù ṣeré. Ẹsẹ̀ ènìyàn bíi ogún ti tẹ orí sàréè mọ́lẹ̀ títí òkìtì rẹ̀ fi pẹrẹsẹ.

Ọdẹ gun kẹ̀kẹ́ dé àárín wọn. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Gbogbo ìlú tú jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú họ́ọ̀bù, ó gbé ọta sókè, ó ní, "Ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Obìnrin yìí kò ṣe nǹkan kan." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò gbọ́.

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó tán, ó parí náà nìyẹn. Àwẹ̀ró, má bínú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A ó bá ọ kọ́ òmíràn."

"Ẹwà?" Àwẹ̀ró rìn sí i títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. "Lórí orí ọkọ mi lẹ dúró wó ilé mi, Baálẹ̀, ẹ wá ń pè é lẹ́wà? Mo ti dé ìlú tí wọn kò létí. Wọ́n sàn jù yín lọ. Àwọn kò gbọ́ torí pé Ọlọ́run kò fún wọn. Ẹ̀yin ní méjì méjì!"

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ sàréè jọ padà títí òkìtì fi ga. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣa àwọn súpánà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nù wọ́n, ó di wọ́n, ó sì lọ. Wọ́n sáré tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí dé bodè. Kò wẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ ní Ìdí-Ọ̀mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, bàjẹ́ náà ló wà.

Ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Atamátàsé tí mo ti ń bú láti àárọ̀, tí ẹ sì ń bá mi fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ wò ó. Mo ti ṣí fìlà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ orí mi òsì dáadáa. Etí dà? Ó wà lórí àpáta. Ọta tó wà lọ́rùn mi yìí ńkọ́, tí ẹ rò pé oògùn ni? Ẹ ka ilà ara rẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mo fi ìlú yẹn sílẹ̀ torí ojú tì mí, mo sá wá bá àwọn baba yín níbí. Gbogbo ẹfọ̀n tí mo pa lẹ́yìn rẹ̀ kò tíì bá mi bo ojú yẹn.

Nítorí náà, ta ló ti bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀rọ omi nínú yín? Ta ló ti pa iná rẹ̀ kó tẹ́tí sí i? Kò sí. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Bóyá ọ̀kan nínú yín ló da nǹkan sínú ẹ̀rọ náà tó pè é ní ìre, bóyá kò sì sí. N kò mọ̀. Ẹ̀yin náà kò mọ̀! Ẹ sì ti kó ọ̀pá!

Ẹ jù wọ́n sílẹ̀. N kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, n kò fẹ́ "Bàbá, ẹ má bínú." Mo ń bínú, n ó sì máa bínú lọ. Ẹ jù wọ́n sílẹ̀ kí n fi ẹyọ etí tó kù mí kù gbọ́ ọ.

Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta, ẹ ṣeun. Mẹ́rin. Márùn-ún.

Ẹ̀yin mẹ́fà lẹ wọlé wá. Mo ń dúró.